Mọ́tò Iná Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe: Bí A Ti Í Kọ́ Ọ, àti Bí A Ti Í Wá Àléébù Rẹ̀ Rí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe irú èyí tí a sábà máa ń gbọ́ nínú gbọ̀ngàn ìjọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó dá lé lórí wà nínú ilé olúkúlùkù wa. Fáànù tí ń fẹ́ wa nígbà ooru, mọ́tò iná ni ó ń yí i. Ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga lọ sí orí òpó ní Bódìjà, ẹ̀rọ ìránṣọ tí a kì í fi ẹsẹ̀ tẹ̀, fíríìjì àwọn tí ń ta omi tútù ní Challenge, àti ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè nínú Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí a kọ́ parí ní 1965: mọ́tò iná ni ọkàn gbogbo wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọkọ̀ tí ń sáré ní Ring Road ni a ń wí. Orúkọ kan náà ni àwa Yorùbá fi ń pe méjèèjì. Nítorí náà ni a ó ṣe máa sọ pé mọ́tò iná, kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín ni èyí. Àwọn ọmọ wa ń kọ́ nípa mọ́tò iná ní ilé ẹ̀kọ́. Ó wà lára ohun tí wọ́n ń kà fún ìdánwò físíìsì ti WAEC. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò tíì fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọ̀kan kí ó yí rí. Nígbà tí fáànù ilé bàbá wọn bá kọ̀ láti yí, wọn a dúró wò ó bí ẹni ń wo ògiri. Àwa àgbà pẹ̀lú kò sàn jù wọ́n lọ. Bí fíríìjì bá jóná ní oṣù yìí, tí ẹ̀rọ omi sì jóná ní oṣù tí ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tá ni ẹnu àwọn mìíràn nínú wa máa ń kọ́kọ́ sọ, kí wọ́n tó bèèrè bí iná tí ó wọlé ní ọjọ́ náà ti rí. A kò sọ pé kí a má gbàdúrà. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó gbàdúrà tí kò sì wo wáyà, iṣẹ́ tí Ọlọ́run tìtorí rẹ̀ fún un ní ojú àti ọwọ́ ni ó tún gbé padà fún Ọlọ́run.

Mọ́tò kékeré tí a ó ṣe yìí kò lè fa omi, kò sì lè yí abẹ fáànù. Ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, iná inú ògiri kò kàn án, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ sì hàn sí gbangba. Nígbà tí ó bá kọ̀ láti yí ni yóò kọ́ wa ní ohun tí ó pọ̀ jù.

ÀWỌN TÍ Ó KỌ́KỌ́ RÍ I

Ní 1820, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Denmark, Hans Christian Ørsted, kíyè sí i pé nígbà tí iná mànàmáná bá ń kọjá nínú wáyà, abẹ́rẹ́ òòfà tí ó wà nítòsí a yí ojú rẹ̀ padà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ pé wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ ń hu ìwà òòfà. Ní ọdún kejì, 1821, Michael Faraday ní Lọ́ńdọ̀nù gbé wáyà kan rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òòfà nínú ife kan tí mákúrì wà, èyíinì ni irin tí ó máa ń ṣàn bí omi. Ó fi iná sí i, wáyà náà sì ń yí òòfà náà ká láìdúró níwọ̀n ìgbà tí iná kò gé. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a fi iná mànàmáná mú ohun kan yí láìdáwọ́ dúró.

Ó yẹ kí a mọ irú ènìyàn tí Faraday jẹ́. A bí i ní 1791. Alágbẹ̀dẹ ni baba rẹ̀, òṣì sì wà nínú ilé wọn. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, a fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń di ìwé, ó sì lo ọdún 7 níbẹ̀. Ìwé tí àwọn ẹlòmíràn gbé wá fún dídì ni òun ń kà, nínú wọn ni ó sì ti kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Kò lọ sí yunifásítì láti kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ìjọ kékeré kan ni, tí a ń pè ní ìjọ Sandeman, ó sì di alàgbà nínú ìjọ náà. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ láti wádìí, ìwádìí rẹ̀ kò sì mú un fi ìjọ sílẹ̀. Àṣà rẹ̀ ni pé ohun tí ó bá kà, a máa fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kí ó tó fi ọkàn sí i.

Ní 1832, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, William Sturgeon, ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ bàtà tí ó sì ti ṣe sójà, fi ẹ̀yà kan kún mọ́tò iná: ẹ̀yà tí ń yí ọ̀nà iná padà bí ẹ̀rọ náà bá ti ń yí dé ìdajì. A ó rí i láìpẹ́ pé ẹ̀yà kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́.

ÀWỌN OHUN TÍ A NÍLÒ

Èkíní ni wáyà bàbà tí a fi ọ̀dà tín-ínrín kùn, irú èyí tí àwọn tí ń tún mọ́tò fáànù wé ń lò. Bí a bá bẹ̀ wọ́n, wọn a máa fún ènìyàn ní àjákù tí ó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ wọn. Kí ó nípọn tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà, kí ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 130. Ẹ kíyè sí i pé bí ó tilẹ̀ ń dán bí bàbà lásán, ọ̀dà wà lára rẹ̀ yí ká, iná kò sì lè la ọ̀dà náà kọjá.

Èkejì ni bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá kan, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 1.5.

Ẹ̀kẹta ni òòfà pẹlẹbẹ kan. A lè rí i lára sípíkà rédíò kékeré tí ó ti bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni wáyà tí ó le, irú èyí tí a fi ń fa iná sínú ilé, gígé méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Kí a bó rọ́bà ara rẹ̀ kúrò kí bàbà inú rẹ̀ lè hàn. Òpó ni wọn yóò jẹ́.

Ẹ̀karùn-ún ni rọ́bà tí a gé láti ara túùbù kẹ̀kẹ́, sánpépà díẹ̀ tàbí ọ̀bẹ kékeré, àti pátákó kan tí a ó gbé gbogbo rẹ̀ kà.

BÍ A TI Í KỌ́ Ọ

Kí a kọ́kọ́ wé wáyà tín-ínrín náà mọ́ ara bátìrì ní ìgbà 10, kí a sì jẹ́ kí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8 ṣẹ́kù ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Kí a rọra fà á yọ kúrò lára bátìrì. Yóò dàbí òrùka ńlá. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní kọ́ìlì. Kí a fi ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan dì í ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó má bàa tú, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, èkejì ní ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn náà kí a na ẹnu méjèèjì tààrà síta. Kí wọ́n wà lórí ìlà kan náà, bí ẹni pé ọ̀pá kan ṣoṣo ni ó la àárín òrùka náà já. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, kọ́ìlì náà yóò máa fì bí ẹlẹ́sẹ̀ kan.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ó gba ìṣọ́ra jù lọ. Kí a mú ẹnu wáyà kan, kí a ha ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò yí ká. Ẹnu kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a gbé kọ́ìlì náà dúró ṣánṣán bí àwo tí a fi etí rẹ̀ dúró, kí a fi ẹnu wáyà kejì lé etí tábìlì, kí a sì ha ìhà òkè rẹ̀ nìkan. Ìhà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ọ̀dà rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ yóò wà níhòòhò, ìdajì yóò sì wà nínú aṣọ.

Lẹ́yìn èyí, kí a ká orí òpó kọ̀ọ̀kan ní ihò róbótó kékeré tí ẹnu kọ́ìlì lè wọ̀ kí ó sì máa yí nínú rẹ̀. Kí a tẹ́ bátìrì sórí pátákó, kí a fi ìdí òpó kan kan orí rẹ̀, kí a fi ìdí òpó kejì kan ìdí rẹ̀, kí a sì fi rọ́bà túùbù fún wọn mọ́ ọn dáadáa. Kí òpó méjèèjì dọ́gba ní gíga. Kí a gbé òòfà ka àárín bátìrì. Bí kò bá dì í mú fúnra rẹ̀, kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kí a wá gbé kọ́ìlì sínú ihò òpó méjèèjì, kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lókè òòfà ní ìwọ̀n ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n má sì fi ara kan ara. Bí òòfà náà bá ní ihò láàrin, kí a sún un kí kọ́ìlì lè dúró lókè ara rẹ̀, kì í ṣe lókè ihò náà.

Kí a fi ìka ta kọ́ìlì náà fẹ́ẹ́rẹ́. Bí kò bá gba ọ̀nà kan, kí a ta á sí ọ̀nà kejì, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́. Bí ohun gbogbo bá tọ́, yóò máa yí bírí-bírí títí ojú kò fi ní lè ka yíyí rẹ̀ mọ́.

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń YÍ

Nígbà tí iná bátìrì bá wọ inú kọ́ìlì, kọ́ìlì náà di òòfà fún ìgbà díẹ̀. Ojú rẹ̀ kan di ìhà àríwá, ojú kejì sì di ìhà gúúsù, gẹ́gẹ́ bí òòfà gbogbo ti í ní ìhà méjì. A sì mọ ìwà òòfà: ìhà tí kò jọ ara wọn a máa fa ara wọn, ìhà tí ó jọ ara wọn a máa lé ara wọn. Nítorí náà kọ́ìlì náà yí láti kọ ojú tí òòfà ìsàlẹ̀ ń fà sí i.

Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá ti kọ ojú náà sí i tán? Yóò dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ó ti dé ilé. Bí iná bá sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, òòfà yóò dì í mú ṣinṣin, bí a bá sì tì í kúrò, yóò tún padà sí ipò náà. Agbára wà, ṣùgbọ́n yíyí kò sí. Ibí yìí ni ìhà tí a kò ha ti wúlò. Bí kọ́ìlì ti ń súnmọ́ ibi ìdúró rẹ̀, ìhà tí ó ní ọ̀dà ni ó kan òpó, iná sì gé. Òòfà kò rí nǹkan dì mú mọ́. Kọ́ìlì náà, tí ó ti wà lórí ìrìn, kọjá lọ bí ọmọlanke tí a tì tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, títí ìhà tí a ha yóò fi tún kan òpó, tí iná yóò sì tún tì í. Báyìí ni ó ṣe ń rí ní gbogbo yíyí: iná tì í ní ìdajì kan, ó sì fi í sílẹ̀ ní ìdajì kejì.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rántí jù nìyí. Kì í ṣe agbára nìkan ni ó ń mú mọ́tò yí, bí kò ṣe agbára tí a dá dúró ní àkókò tí ó yẹ. Ti Sturgeon tayọ tiwa, nítorí kì í gé iná lásán. Ó ń yí ọ̀nà rẹ̀ padà, kí ìdajì kejì náà lè rí títì gbà. Irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ wà nínú mọ́tò ohun ìṣeré ọmọdé àti nínú èyí tí ń nu òjò lójú díńgí ọkọ̀. Fáànù ilé kò nílò rẹ̀, nítorí iná inú ògiri fúnra rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ́ìlì inú fáànù pẹ̀lú kapásítọ̀ rẹ̀ sì ń lo lílọ-bíbọ̀ náà láti mú un yí.

BÍ KÒ BÁ YÍ

Ó ṣọ̀wọ́n kí mọ́tò àkọ́ṣe yí ní àkọ́tà. Kí ọmọ má ṣe sunkún, kí bàbá má sì ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin méjì ni kí a tẹ̀lé. Òfin kìíní: kí a kọ́kọ́ wo irú kíkọ̀ tí ó kọ̀, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Òfin kejì: ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó pààrọ̀ bátìrì, tí ó sún òòfà, tí ó sì tún wáyà ha lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ̀rọ rẹ̀ tilẹ̀ yí, kò mọ èyí tí ó wò ó sàn. Ní ọjọ́ mìíràn kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Bí kọ́ìlì bá dákẹ́ pátápátá, tí kò gbọ̀n nígbà tí a gbé e sí ipò, ọ̀nà iná ni ó gé. Kí a fi bátìrì náà sínú tọ́ọ̀ṣì, kí a mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè. Bí ó bá wà láàyè, kí a wo ìdí òpó bóyá ó kan bátìrì gírígírí, kí a sì nu inú ihò òpó. Bí ìyẹn náà bá dára, ọ̀dà ni a kò ha tán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé òun ni. Mítà oníṣẹ́ iná lè jẹ́rìí sí i bí a bá fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ibi tí a ha ní ẹnu wáyà méjèèjì.

Bí kọ́ìlì bá ń gbọ̀n, tí ó ń mì lọ mì bọ̀ bí ọmọ tí ń ṣeré jangirọ́fà, tí kò sì yí, iná ń wọlé, ṣùgbọ́n kò gé ní àkókò tí ó yẹ. Ó lè jẹ́ pé a ti ha ẹnu méjèèjì yí ká. Ó sì lè jẹ́ pé ìdajì ni a ha lóòótọ́, ṣùgbọ́n a tẹ́ kọ́ìlì sílẹ̀ nígbà tí a ń ha á, dípò kí a gbé e dúró. Nígbà náà iná yóò máa wọlé ní ìgbà tí ó yẹ kí ó gé, yóò sì gé ní ìgbà tí ó yẹ kí ó wọlé. Ìwòsàn rẹ̀ kò le: kí a fi ọ̀dà èékánná kun ìhà tí a ṣì ha, kí a jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí a sì ha ìhà tí ó tọ́.

Bí ó bá yí díẹ̀ tí ó sì dúró, tàbí tí ó ń yí bí ẹni tí ń tiro, iná àti òòfà kò ṣẹ̀. Kí a wo ìwọ̀n rẹ̀. Kí a yọ bátìrì, kí a fi ìka yí kọ́ìlì lórí òpó. Bí ìhà kan náà bá ń padà wá sí ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo, ìhà náà ni ó wúwo. Kí a tún ẹnu wáyà nà kí ó gba àárín gan-an. Kí a wo ihò òpó bóyá ó há mọ́ wáyà. Bí gbogbo èyí bá dára, kí a sún òòfà súnmọ́ ọn díẹ̀, tàbí kí a gbé òòfà kejì lé e lórí, kí ojú tí ó kọ sókè jẹ́ ọ̀kan náà.

Bí wáyà tàbí bátìrì bá sì ń gbóná, kí a tètè gbé kọ́ìlì kúrò. Wáyà yìí kúrú, ọ̀nà rẹ̀ sì là fún iná jù. Nígbà tí kọ́ìlì bá dúró sójú kan tí iná sì ń wọ̀ ọ́, gbogbo agbára bátìrì ń di ooru lásán. Kí a má ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ jẹun.

LÁTI ORÍ ÈYÍ DÉ INÚ ILÉ WA

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí kò mọ sí orí ohun ìṣeré. Mọ́tò ńlá pẹ̀lú, bí iná bá ń wọ̀ ọ́ tí kò sì lè yí, iná tí ó pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ ni ó ń fà, ooru a sì jó ọ̀dà ara wáyà inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wáyà á máa fi ara kan wáyà, òórùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mọ́tò náà á sì kú. Gbogbo wa mọ àṣálẹ́ tí gílóòbù máa ń pọ́n bí ẹyin iná tí ń kú lọ nítorí pé iná kò tó. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ omi máa ń kùn láìyí, tí fíríìjì sì máa ń gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ láìlè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó mọ mọ́tò kékeré yìí yóò dìde, yóò sì pa wọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò jókòó títí òórùn yóò fi jáde, ní òwúrọ̀ yóò sì máa bèèrè ẹni tí ń bá a jà.

Bí fáànù bá ń kùn tí kò sì yí, kí a yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá, kí a fi ọwọ́ yí abẹ rẹ̀. Bí ó bá le láti yí, ìdọ̀tí ti dí i tàbí epo ti gbẹ níbi tí irin rẹ̀ ti ń yí. Kí a nù ún, kí a sì kán epo díẹ̀ sí i. Bí ó bá ń yí geere lọ́wọ́ wa tí kò sì lè bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kapásítọ̀ rẹ̀ ni ó sábà máa ń rẹ̀, oníṣẹ́ iná sì lè fi tuntun sí i ní owó tí kò tó ti fáànù tuntun. Bí kò bá kùn rárá, ọ̀nà iná ni ó gé: kí a wo pílọ́ọ̀gì, wáyà rẹ̀ àti ibi tí a ti ń tàn án. Bí òórùn jíjóná bá ti jáde, kí a gbé e lọ fún àwọn tí ń tún wáyà wé. Ìbéèrè kan náà tí a bi mọ́tò kékeré wa ni a ń bi í: ǹjẹ́ iná ń wọlé? Ǹjẹ́ ó ń dé ibi tí ó yẹ? Ǹjẹ́ nǹkan kan dì í mú kí ó má yí?

ÌKÌLỌ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi mọ́tò kékeré yìí kan iná inú ògiri láé. Iná ilé jẹ́ nǹkan bí fóòtì 230. Ó ń pa ènìyàn. Títí di òní a ṣì ń pè é ní iná NEPA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kúrò láti 2005, tí a sì ti fi pípín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ láti 2013. Orúkọ yí padà, ewu rẹ̀ kò yí padà. Kí a má ṣe lo bátìrì ọkọ̀, tàbí ti ínfátà, tàbí ti fóònù, nítorí wọ́n lè mú wáyà tín-ínrín pọ́n bí iná kí ó sì jó ilé. Kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ kékeré rí òòfà kéékèèké tí ń dán tàbí bátìrì tín-ínrín bí bọ́tìnì gbé mì. Òòfà méjì nínú ikùn lè fún ìfun mọ́ra kí wọ́n sì lu ú, bátìrì bọ́tìnì sì lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ láàrin wákàtí 2. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe mú ọmọ náà bì. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

ÌPARÍ

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ Àbámẹ́ta kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin kọ́ mọ́tò kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti yí tán, kí ẹgbẹ́ kìíní mọ̀ọ́mọ̀ ba ti ẹgbẹ́ kejì jẹ́ ní ọ̀nà kan ṣoṣo ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹgbẹ́ kejì sì wá àléébù náà rí nípa òfin méjì tí a ti sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní Agbowó, tí ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn wà ní iwájú wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, lè jẹ́ olùkọ́ fún wọn. Kí àwọn ọmọbìnrin má ṣe jókòó sẹ́yìn. Wáyà kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin.

Bí ọmọ kan bá ti kọ́ láti bèèrè ibi tí iná gbé gé, ẹ ó rí i pé kò ní pẹ́ kí ó tó máa bèèrè bẹ́ẹ̀ nípa ìṣirò rẹ̀, nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àti nípa owó ẹgbẹ́ tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìjọ ń fẹ́, òun náà ni ìlú Ìbàdàn ń fẹ́. Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó fi agbára sínú òòfà àti òye sínú ènìyàn, bùkún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa.